Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́ṣẹ̀

Mo ń fi ayùn gé bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi káfíńtà ni mo kàn án. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá ṣẹ̀ ń jókòó. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn tí ọmọ mi lóyún láìlọ́kọ, èmi bàbá rẹ̀ ni mo nàka sí ibẹ̀ fún un. Ó bá ẹnu ọ̀nà jáde, kò padà wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ wa obìnrin bi ìjọ pé, "Nínú wa, ta ni kò yẹ kó jókòó síbẹ̀?" Wọ́n ní kí n fi igi bẹ́ǹṣì náà kan tábìlì oúnjẹ Olúwa. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi.

Bó ṣe wọlé báyìí, ó wo ìlà tí mo fà sára igi. "Bàbá, ẹ ti yà kúrò lójú ìlà."

"Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti yà. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di orí kejì bẹ́ǹṣì náà mú. "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ayùn yín yìí gan-an ni kò mú, àgbà káfíńtà!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì. Tábìlì náà gba èèyàn mẹ́rìnlá. Igi bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ṣẹ́kù kò gùn ju apá mi lọ.