Ìlà Méjì Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ó ti yẹ̀. Ó ti yẹ̀ nínú bàtà ọ̀tún, ó ti ká jọ sábẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀, abẹ sì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀fun Ọ̀gá Àgbà sì wà lábẹ́ abẹ. Kí n má mira. Kí n ṣáà má mira.

Irùngbọ̀n funfun yìí ò pọ̀, àmọ́ ó le bí ẹ̀gún. Awọ abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀, ó ti ká léra bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀. Èèyàn á fi ìka méjì fà á kó tẹ́, á wá jẹ́ kí abẹ rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Rìn… ẹnu èmi náà ni mo fi ń pe rírìn.

Ìtẹ́nú bàtà lásán. Ohun pẹlẹbẹ kan báyìí, rọ́bà nísàlẹ̀, aṣọ lókè, ó ga díẹ̀ láàárín níbi tí ẹsẹ̀ ti ṣe kòtò. Síbẹ̀ òun ló ń gbé mi ró látìgbà tí mo ti rí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí mo bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, gìgísẹ̀ á gún mi bíi pé mo tẹ ìṣó. Tó bá dọ̀sán, ìrora yẹn á ti gun ojúgun, á gun itan, á lọ jókòó sí ìbàdí bí onílé. Mo tẹ́ nǹkan yìí sínú bàtà, gìgísẹ̀ dákẹ́. Ìbàdí ń kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pariwo mọ́. Àfi òní. Àfi òní tí Ọ̀gá Àgbà fẹ́ ya fọ́tò.

"Mi ò fẹ́ rí ojú egbò kankan o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti pe onífọ́tò. Èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri tí mo bá lọ tán nìyẹn."

Ohun tó sọ nìyẹn kó tó fẹ̀yìn ti àga tó sì dijú. Ó dijú. Ó gbé ọ̀fun lé mi lọ́wọ́, ó dijú… Bàbá tí kò gbà wá gbọ́ rí nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa. Dúró-Dáadáa là ń pè é lẹ́yìn. Tí a bá tò sórí ìlà láàárọ̀, á máa fi pàṣán tọ́ wa níbàdí lọ́kọ̀ọ̀kan: dúró dáadáa, ṣé ẹ̀yìn bàbá àgbà rẹ lo gbé wá sílé ìwé ni. Tó bá lajú báyìí, á rí mi nínú dígí. Á rí i pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo fi dúró, bí adìẹ tí òjò pa.

Kó má lajú o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti tán. Ọ̀fun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Díẹ̀ ló kù lábẹ́ àgbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì…

Mo lè dúró kí n bọ́ bàtà, kí n tún un tẹ́. Kí ló ṣòro ńbẹ̀? Kò ṣòro. Wọ́n á kàn rí i ni. Wọ́n á ní, onígbàjámọ̀ ti ń fi nǹkan gbé ẹsẹ̀ ró. Onígbàjámọ̀ tí kò lè dúró dà bí akọrin tí ohùn rẹ̀ ti há. Ta ló máa gbé ọ̀fun fún un?

Bí oníkẹ́míìsì. Mo ti pinnu pé mi ò ní ronú kan oníkẹ́míìsì. Ìrora ló ta mí lójijì lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti gìgísẹ̀ lọ sókè fáí, ọwọ́ mi fò, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lábẹ́ etí rẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo dápàárá. Mo ní, ẹ má bínú, mo fi àmì sí yín ni, kí ẹ má bàa dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lánàá, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí àwo. Ẹlòmíràn ló fá a. Ó kí mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Kì í ṣe ọwọ́ ló ń ṣe mí. Ẹsẹ̀ ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Bí mo bá ní ìbàdí ń ro mí, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á yọ eyín, wọ́n á máa retí ibi tí àpárá náà máa já sí. Ẹ̀bi wọn kọ́. Èmi tí mo fi pọ́líìṣì bàtà dúdú kun orí apárí, tí mo gbé dígí fún un pé kó wò ó, irun ti dé. Èmi tí mo so okùn bàtà akọ̀wé mọ́ ẹsẹ̀ àga, tí mo sì ní ẹnì kan ń pè é níta. Ẹni tó bá ti ń fi igbe "ìkookò dé" ṣeré, kó má bú àwọn ará ilé tí ìkookò bá dé…

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o, abẹ. Fà á kó tẹ́. Báyẹn.

Mo kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní poli kí n tó gbé kílípà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi há wa lórí ni pé bí ògiri bá là lókè, ìsàlẹ̀ ni kí o lọ wò. Nítorí náà mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ìbàdí kọ́ ló ni ẹjọ́, ẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń ránṣẹ́ sókè. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mi ò sì ra nǹkan kan. Ìyàwó mi ló rà á.

Ìyẹn tún ni ọ̀ràn kejì. Ó rà á, kò sì wí nǹkan kan.

Òun ni alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi. Òun ló ń fọ tówẹ́ẹ̀lì mi. Ọjọ́ tó kó wọn dé, mo ń tú ìdì wọn, mo rí ọ̀rá kékeré kan láàárín wọn. Mo ṣí i, mo rí nǹkan méjì yìí. Ara mi kọ́kọ́ gbóná. Ó ti rí mi nìyẹn. Ó ti rí mi níbi tí mo ti ń di ògiri balùwẹ̀ mú. Kò lè sọ pé, ọkọ mi, kí ló ń ṣe ẹ́, ó fi í pamọ́ sáàárín aṣọ kí n lè rí i bí ẹni ṣèèṣì rí i. Ó ń dúró kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé mo ti darúgbó. Ayò la jọ ń ta yìí, mo ní, mo sì mọ ayò ta. Mo tẹ́ ẹ sínú bàtà, mo pa ẹnu mọ́.

Kò tiẹ̀ bá mi mu tán. Ẹnì kan ti fi sísọ́ọ̀sì gé iwájú rẹ̀, ó gé e kúrú, kò dé ibi ọmọ ìka. Ìdí tó fi ń yẹ̀ nìyẹn. Mo ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ níbi tó ti rà á. Ìlà méjì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì fà. Mo ní nọ́ńbà ni, ipò kejì, ọjà tí kò dára tó ti àkọ́kọ́…

Àárọ̀ òní ńkọ́? Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fọwọ́ ti férémù ìlẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, ẹ ò rí nǹkan kan láàárín àwọn tówẹ́ẹ̀lì yín?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Nǹkan kékeré kan ni."

Mo ní àhá, ó ti dé. Ó fẹ́ gbà á lẹ́nu mi. Ni mo bá ní, ṣé ọkàn mi ni? Ọwọ́ rẹ ló wà látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò gùn. Ó ní, "Kò burú." Ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ. Kí ló dé tí ẹ̀rín yẹn ń padà wá bá mi báyìí? Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára férémù ìlẹ̀kùn yẹn…

Abẹ́ àgbọ̀n ti tán. Nu abẹ. Mí. Gbé ojú sókè, wo dígí, wò ó bóyá ọ̀tún gún régé.

Orí Ọ̀gá Àgbà. Ojú mi lókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn wa, ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, títì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tábìlì ìlọṣọ. Ó ń lọ aṣọ. Ó ti áyọ́ọ̀nù síwájú, ó fà á padà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó fi lé ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sẹ́yìn, síbi ìbàdí gan-an, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó ń sín mi jẹ. Ẹ wo obìnrin yìí. Ó rí mi láti ọ̀hún, ó ń ṣe bí mo ṣe ń…

Kò wo ibí. Ògiri ló kọjú sí. Kò sí kọ́sítọ́mà kankan níwájú rẹ̀. Ta lèèyàn ń sín jẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó?

Ó gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ó gbé ìkejì. Lọ́nà kan náà tí èmi náà…

Tówẹ́ẹ̀lì. Tówẹ́ẹ̀lì èjìká Ọ̀gá Àgbà, etí rẹ̀ ló ṣẹ́ sókè yìí. Ìlà kan. Yíǹkì dúdú. Gbogbo tówẹ́ẹ̀lì mi ló ní in, ọrùn gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi pẹ̀lú. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí tilé má bàa dàrú mọ́ ti oníbàárà: ìlà kan fún mi, àmì roboto fún àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀…

Ìlà méjì.

Ìlà méjì ló wà létí ìró rẹ̀, ìlà méjì ló wà lọ́rùn búláòsì rẹ̀. Ogún ọdún ó lé tí mo ti ń rí i. Èmi tí mo tún fi àmì tó ń fi sáṣọ dápàárá lórí ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́ ẹ jẹ. Òun ló fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó gé e mọ ibi tí ọmọ ìka rẹ̀ parí sí. Kò fi í pamọ́ fún mi. Ó bọ́ sáàárín tówẹ́ẹ̀lì ni, ó sọnù, ó ń wá a. Ó bi mí. Mo fi àpárá ọkàn dá a lóhùn.

Èmi máa ń jókòó tí ẹnì kan bá lọ tí ẹlòmíràn ò tíì dé. Áyọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Gbogbo àkókò tí gìgísẹ̀ mi fi dákẹ́ yìí, tirẹ̀ ló ń pariwo. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dúró lé. Ẹni tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, kò sóhun tí wọ́n ṣe fún un tí kò ní pè ní yẹ̀yẹ́…

Ọ̀gá Àgbà la ojú kan. Ó ń bi mí ohun tó dá abẹ dúró. Mo ní kò sí nǹkan kan, sà. Ó tún dijú.

Mo fi ẹsẹ̀ òsì ti bàtà ọ̀tún kúrò. Mo ti òsì náà kúrò. Sìmẹ́ńtì tutù. Gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, ìṣó wọlé, ó gun ojúgun, ó gun itan, ó dé ìbàdí, ó jókòó sáàyè rẹ̀. Ó dára. Jókòó. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Mo pọ́n abẹ lára bẹ́líìtì awọ tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kó tẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fá a.

Nínú dígí, áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ń wá àpárá tí mo máa fi dá nǹkan yìí padà fún un. Mo wá a síbí, mo wá a sọ́hùn-ún… kò wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ̀ lẹ́nu mi, kò sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín rárá.

Ìyá wọn, láti ìgbà wo?