Ìjà Àna Méjì Nínú Bọ́ọ̀sì Alẹ́

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì mi pé bọ́ọ̀sì máa gbéra. Aago mẹ́sàn-án kọjá, a ṣì wà nínú ọgbà ọkọ̀, èmi sì wà lórí ìdúró, mò ń wo ọkùnrin kan tó jókòó sórí sítì kẹrìnlá, sítì tí mo ti sanwó fún. Òun náà mú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde. Kẹrìnlá ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ti sùn fọnfọn lé e láyà, itọ́ ọmọ náà sì ń ṣàn sára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ta ló máa ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde?

Kò tiẹ̀ yẹ kí n wà nínú ọkọ̀ alẹ́. Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù, adájọ́ ló dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ́jọ́ náà. Bàbá mi sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ìlú tó jìn sí wa ní ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án. Wọ́n ti búra fún nọ́ọ̀sì pé bí àwọn ò bá rí mi, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ojú àwọn. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Obìnrin tó ń bójú tó èrò ló wá bá mi. Ìyá Oníkéde ni gbogbo èèyàn inú ọgbà náà ń pè é, mi ò sì pẹ́ mọ ìdí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í gbé sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ kan péré ló wà láàárín wa.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú." Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ ọ. "Ẹ máa bọ̀ níwájú lọ́dọ̀ wa. Ìjókòó àwa òṣìṣẹ́ dáa ju tiwọn lọ."

Irọ́ gbuu. Pátákó tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ni ìjókòó ọ̀hún. Ó wà láàárín awakọ̀ àti ibùsùn tóóró kan tí kọ́tìnnì bò, níbi tí awakọ̀ kejì ti máa ń sùn kó tó gba iṣẹ́. Bí mo bá na ẹsẹ̀, mo ta jíà. Bí mo bá fẹ̀yìn tì, orí mi gbá ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, nítorí ọkùnrin náà ga ju ibùsùn rẹ̀ lọ. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Gàgàrà.

Ẹni tó kọ́kọ́ wà nídìí síárìn ni Jẹ́jẹ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó nu síárìn, ó nu dígí, ó tún padà nu síárìn, kó tó wá rántí pé èèyàn ọgọ́ta ló ń dúró de òun. A ò tíì kúrò láàárín ìlú tó fi pè mí.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ẹni ẹ̀yìn yẹn kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bàtà mi."

Mo rò pé ẹni ẹ̀yìn yẹn ti sùn. Ohùn kan jáde látẹ̀yìn kọ́tìnnì: "Àǹtí, ẹ bá mi bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n kó bàtà síbi téèyàn ń sùn."

Mo wo iwájú, mo wẹ̀yìn. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò tó apá kan.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ara yín ni?"

Ìyá Oníkéde rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ̀gbọ́n Gàgàrà obìnrin ni Jẹ́jẹ́ fi ṣaya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyàwó ti kẹ́rù lọ sílé ìyá rẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn àna méjèèjì ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. "Èmi ni mò ń bá wọn jíṣẹ́ lálaalẹ́," ló wí. "Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe gan-an?"

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ òótọ́.

"Ògbufọ̀!" Ẹ̀rọ rẹ̀ ti padà sẹ́nu. "Ọlọ́run ló rán yín sí wa o!" Ó tẹ́ aṣọ sí àárín ọ̀nà láàárín àwọn sítì, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń hanrun.

Ní kóòtù, bí ẹnì kan bá sọ èdè tí adájọ́ ò gbọ́, èmi ni mo máa túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì sanwó fún mi. Àwọn méjì yìí, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ilé kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Síbẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án títí di aago kan òru, ẹnu mi ò sinmi. Ẹ sọ fún un kó ti fèrèsé. Ẹ sọ fún wọn pé ooru ń mú èèyàn. Ẹ ní kó yé hú ikọ́ bí ewúrẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yé wakọ̀ bí ìgbín. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èébú kúrò nínú iṣẹ́ tí mò ń jẹ́, kí n lè rójú ráyè. Gàgàrà ò gbà.

"Àǹtí, ẹ ò jẹ́ ẹ tán. Wọ́n ní 'ọ̀lẹ' níparí ẹ̀. Mo gbọ́."

"Bẹ́ẹ ṣe gbọ́ yẹn, kí lẹ wá fẹ́ kí n túmọ̀?"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi tí mo jókòó sábẹ́ okùn ńkọ́?

Aago kan òru la dúró síbi ìsinmi. Mo tò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ra tíì gbígbóná sínú ife oníke, mo sì padà sórí pátákó mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fẹnu kan án ni Jẹ́jẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gún mi nígbọ̀nwọ́. Tíì dà sí mi nítan.

"Ẹ fún un tó bá dé," ló wí. "Kẹ́ ẹ sọ fún un pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ń rọ̀. Kó fa atẹ́gùn sí i kó tó gbéra." Ó ti yí padà lọ kí n tó lè la ẹnu.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo sọ kọ́kọ́rọ́ sórí ìjókòó awakọ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí Gàgàrà dé, mo nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́, mo fi gèlè bo orí mi. N ò sọ nǹkan kan nípa táyà.

Mo rò pé màá wá rí oorun sùn. Jẹ́jẹ́ tó ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ò wọ ibùsùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ife irin àti ṣíbí. Bí ojú mi bá ti pa dé báyìí, kọ́ǹ! Ṣíbí ti lu ife. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kọ́ǹ!

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sùn."

"Mo ti sùn tó, àǹtí."

Kọ́ǹ!

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀ nígbà tí nǹkan bú gbàù lábẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Àwọn èèyàn ń pariwo, ẹrù ń já bọ́ lókè. Gàgàrà di síárìn mú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n, ó sì rọra darí ọkọ̀ títí ó fi dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀!" Ìyá Oníkéde ti jí pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. "Táyà kan ṣoṣo ló bẹ́! Àwọn yòókù ṣì wà!"

Nísàlẹ̀, Jẹ́jẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo táyà ẹ̀yìn lápá òsì, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. "Àǹtí, ṣé ẹ ò sọ fún un ni?"

"Mi ò sọ fún wọn. Inú ń bí mi, ni mi ò bá sọ ọ́."

"Sọ kí ni?" Gàgàrà ń wo èmi àti àna rẹ̀.

Kò sí ẹni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo dúró ti àwọn méjèèjì nínú òtútù, mo ń tanná fún wọn. Nọ́ọ̀tì kan ti dípẹtà, ó fi bíi wákàtí kan jẹ wá níyà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó tún bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti na ọwọ́ sẹ́yìn, sípánà tó fẹ́ ti wà níbẹ̀. Bí Gàgàrà bá fẹ́ gbé jáàkì, ẹnì kejì ti yọ òkúta kúrò lọ́nà fún un. Àwọn tó mọ ara wọn tó báyìí!

"Mo jẹ̀bi," ni mo wí. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì ò fi lè sọ 'táyà ń rọ̀' fún ara yín?"

Gàgàrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ilé iṣẹ́ fún wọn ní ọkọ̀ ọ̀sán, kí wọ́n lè máa sùn sílé. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọn ò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ fún un. Wọ́n wá ní ẹnu mi ò ní ilẹ̀kùn."

Jẹ́jẹ́ ń yí nọ́ọ̀tì lọ. Kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló dá lóhùn. "Tí mo bá lọ sí ọkọ̀ ọ̀sán, ta ló máa jókòó tì ẹ́ ní aago mẹ́ta òru?"

Gàgàrà yíjú sí i.

"Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i tí ojú rẹ pa dé nídìí síárìn. Tí mo bá sọ fún ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ bọ́ nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin lo bí. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Kó máa wá sunkún lójoojúmọ́?"

Ẹlòmíì ì bá káàánú wọn. Èmi ò ráyè àánú.

"Ẹ dúró ná!" ni mo pariwo. "Ẹ mọ̀ pé ó ń sùn lórí ìrìn, ẹ wá kó èèyàn ọgọ́ta sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì ń fi ṣíbí ṣọ́ ọ?"

"Mi ò rí ọgbọ́n míì dá."

"Ọkọ̀ ọ̀sán yẹn ńkọ́? Wọ́n ti fún ẹlòmíì ni?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

Gàgàrà fi aṣọ nu ọwọ́. "Ọ̀sán ni ojú mi máa ń là jù," ló rọra wí. "Bí wọ́n bá lè fún mi ní ọ̀sán..."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Mo fẹ́ fi orí gbá ara ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Nígbà tí a pààrọ̀ táyà tán, Gàgàrà fẹ́ gun ìjókòó rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo wo Jẹ́jẹ́, tirẹ̀ náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago márùn-ún ti ń lọ lù, ọ̀nà wákàtí mẹ́ta sì wà níwájú wa. Bí a bá gbéra lójú ẹsẹ̀, màá bá bàbá mi kí wọ́n tó wọlé iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀mí mi ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo na ọwọ́, mo yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ sùn," ni mo wí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi máa mọ́."

Ìyá Oníkéde kéde rẹ̀. Àwọn èrò bínú. Ẹnì kan ní ta ló fi mí jẹ ọ̀gá ọkọ̀. Ọkùnrin orí sítì mi ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọmọ òun wà nínú ọkọ̀ náà. Mo jókòó sórí pátákó, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Jẹ́jẹ́ wà lórí ibùsùn, Gàgàrà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń hanrun. Mo pe bàbá mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, wọn ò gbé e.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ jí. Kó tó gba kọ́kọ́rọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ "hẹ́lóò" obìnrin náà, Jẹ́jẹ́ na fóònù sí mi. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un..."

"Láéláé."

Ó wò mí, ó wo fóònù, ó gbé e sétí. "Èmi ni," ló wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ." Lẹ́yìn náà, obìnrin yẹn ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ju "hẹn" lọ. Gàgàrà ń rẹ́rìn-ín sínú apá rẹ̀, títí Jẹ́jẹ́ fi fi fóònù lé e lọ́wọ́: "Ó ní ó kàn ẹ́."

Jẹ́jẹ́ ló wà wá dé. Ní ọgbà ọkọ̀, àwọn àna méjèèjì jọ forí lé ọ́fíìsì ọ̀gá wọn lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọ̀sán. Mi ò dúró gbọ́ àbọ̀. Mo sáré.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo dé ọsibítù. Bàbá mi ti jáde. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú wọn kan, wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń mu omi.

"Dókítà tètè dé," ni wọ́n wí. "Mo fọwọ́ síwèé fúnra mi, mo bá wọn wọlé."

"Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní wọlé láìrí mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí pé o máa ń pẹ́."

Mo jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n fi ojú kan tó kù wo ọwọ́ mi tí gíríìsì ti bà jẹ́, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí sítì kẹrìnlá. Kí n tó dé ibi tí táyà ti bẹ́, wọ́n ti sùn lọ.