Àlàfo Ìka Mẹ́rin

Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fúnṣọ́ fi orúnkún ti bẹ́ẹ̀dì òun àti ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà kẹsàn-án, ibùsùn ọmọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tún sún sẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìka mẹ́rin wọ ibẹ̀ láìkan ohunkóhun. Ó yọ ọwọ́, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó wo òpópónà Pearland ní òkè òkun, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì padà wá.

Agogo mẹ́ta ni ilé ìwòsàn yóò dá Lará ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbà lára rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo ju ọmọ náà lọ. Nítorí èyí ni inú wọn ṣe dùn nígbà tí ibùsùn ọmọ yìí dé: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣeé sọ̀ kalẹ̀, kí ìyá lè na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, kí ó fa ọmọ mọ́ra láìdìde. Ṣùgbọ́n okùn kan ni ó yẹ kí ó so ibùsùn méjèèjì pọ̀ gírígírí. Ihò méjì tí okùn náà yóò gbà kọjá wà nísàlẹ̀. Okùn ni kò sí.

Iṣẹ́ Fúnṣọ́ ni láti máa yẹ oríkèé páìpù wò ní ilé iṣẹ́ epo kan. Ohun tí kò yẹ kí ó mì, tí ó bá mì, kì í jẹ́ kí ó jókòó.

Ìyá rẹ̀, tí ó ti Abẹ́òkúta wá láti máa wẹ ọmọ, wọlé pẹ̀lú ìró tí ó ti ká sí mẹ́rin. Ó fi dí àlàfo náà pinpin.

“Ó tán,” ni ó wí. “Lọ jẹun.”

Fúnṣọ́ fa ìró náà yọ. “Bí ọmọ bá kọ ojú sí aṣọ yìí, Màmá, kò lè yí i kúrò. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó.”

“Ìwọ ńkọ́? Orí ẹní ni ìwọ sùn ní kékeré. Ta ni ó fi rúlà wọn ẹní fún ọ?”

“Ẹní kì í sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn.”

“Ẹnu rẹ náà nìyẹn. Wo ibí.” Ó tọ́ka sí ara igi ibùsùn náà, níbi tí wọ́n ti fi tádàwà kọ orúkọ ọmọ márùn-ún. “Márùn-ún. Gbogbo wọn ni ó ń sáré kiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ̀rí wo ni o tún ń wá?”

Màmá Adéògún, olórí àwọn ìyá ìjọ wọn, ni ó ra ibùsùn náà fún ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bímọ, yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé onítọ̀hún, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, yóò sì gbàdúrà. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, àwọn òbí yóò jẹ́rìí níwájú pẹpẹ, Màmá Adéògún yóò sì kọ orúkọ ọmọ náà sára igi. Orúkọ wọ̀nyí ni ó ń da Fúnṣọ́ láàmú jù. Bí ibùsùn náà bá léwu, báwo ni ọmọ márùn-ún ṣe sùn nínú rẹ̀ là á já?

Ó pe Mọ́pẹ́ tí ó ń gbé ní ìlú Humble. Zoe, ọmọ rẹ̀, ni orúkọ tí ó kẹ́yìn.

“Ìyá Zoe, ẹ jọ̀wọ́, okùn ibùsùn ọmọ yìí, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ó kù sí?”

“Okùn kẹ̀? Ó ní okùn ni?”

“Báwo wá ni ẹ ṣe so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì yín?”

“Bọ̀dá Fúnṣọ́, ṣé Màmá Adéògún wà lọ́dọ̀ yín?”

“Rárá.”

“A kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ìlédìí ni mo kó sínú rẹ̀. Ó sì gba ìlédìí gan-an.”

“Zoe ńkọ́?”

“Zoe kò sùn nínú rẹ̀ rí, àfi ìwọ̀nba ìgbà tí Màmá fi gbàdúrà. Bí wọ́n ti jáde ni mo gbé ọmọ mi.”

“Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́rìí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.”

“Mo ní a dúpẹ́ fún ibùsùn. Mo ní ọmọ ń sùn dáadáa. N kò sọ pé inú rẹ̀ ni ó ń sùn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí kí n dìde níwájú ìjọ, kí n sọ fún ìyá àgbà pé ẹ̀bùn wọn ń mì?”

Fúnṣọ́ pe Dèjì ní League City, baba Tìmí, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti Zoe. Dèjì kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

“Ìwé ni èmi kó sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé àwọn tí ó gbà á ṣáájú wa mọ̀ ọ́n lò ni.”

Fúnṣọ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, ó sì tún dìde. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó ti rọrùn nígbà náà. Bí ọmọ bá dé, jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà wọn. Bí wọ́n bá lọ, a ó gbé e kúrò. Ìwọ náà, kó ìlédìí sí i.”

“Kí wọ́n sì kọ orúkọ kẹfà?”

“Kí ni orúkọ ṣe ọ́?”

“Márùn-ún ni ẹ fi ṣe ẹ̀rí fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí, Màmá. Ẹni tí ó bá rí mẹ́fà lè gbà á gbọ́, kí ó sì tẹ́ ọmọ síbẹ̀ lóòótọ́.”

Ìyá rẹ̀ tẹ́ ìró rẹ̀ lé ejìká.

Agogo méjìlá kò tíì lù tán nígbà tí Màmá Adéògún kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. Fúnṣọ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà mẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀. Bí ó ti dìde, kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ mi kò ní sùn nínú ibùsùn yẹn.”

“Kí ni ó ṣe é?”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fi orúnkún ti bẹ́ẹ̀dì.”

Màmá Adéògún tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó fi orúnkún ti bẹ́ẹ̀dì. Ibùsùn ọmọ sún sẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ àlàfo náà, ọwọ́ wọlé dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

“Nígbà tí mo rà á, okùn dúdú kan wà lára rẹ̀,” ni ó wí pẹ̀lẹ́. “Èmi ni mo tú u. Mo fi di àpótí aṣọ mi nígbà tí a lọ sin ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà. Mo rò pé okùn tí wọ́n fi dì í láti ilé ìtajà ni.” Ó yọ ọwọ́. “Àwọn ọmọ wọ̀nyí wá ńkọ́?”

“Méjì ni mo béèrè wọn, Màmá. Wọn kò sùn níbẹ̀. N kò tíì béèrè ti àwọn mẹ́ta yòókù.”

“Ta ni àwọn méjì náà?”

“Ẹ jẹ́ kí ó mọ sọ́dọ̀ mi.”

Ojú Màmá Adéògún le. “Iwájú pẹpẹ ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín ni,” ni ìyá Fúnṣọ́ wí.

“Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?” Ó ti ń wá fóònù nínú àpò rẹ̀. “Delight tí yóò bímọ ní oṣù tí ń bọ̀ ni ó kàn. Ó ti gba àyè sílẹ̀ fún ibùsùn yìí ní yàrá rẹ̀. Ọmọ yẹn kì í ṣe bí àwọn yòókù; ohun tí mo bá fún un ni yóò lò.” Delight kò gbé fóònù. Màmá Adéògún tún un pè, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ògiri méjì. “Fúnṣọ́, kí ni o dúró ń wò? Lọ wá ibi tí ọmọ rẹ yóò sùn.”

Ní ilé ìtajà, Fúnṣọ́ rí ibùsùn ọmọ kékeré kan tí ó dá dúró, tí ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tí àsopọ̀ kankan kò sí lára rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tìmùtìmù rẹ̀. Ó le, ó sì tẹ́jú. Ó wá ibi tí ìka lè gbà wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rí. Ó kúnlẹ̀, ó yẹ ìdè ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Ashley, ọmọbìnrin tí ó ń tajà níbẹ̀, wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Lará pè é.

“Nọ́ọ̀sì wà níwájú mi. Ó ní kí n tó fọwọ́ sí ìwé, kí n sọ ibi tí ọmọ yóò sùn. Ṣé kí n sọ ti Màmá Adéògún?”

“Rárá. Òmíràn ni. Kò ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni n óò máa dìde gbé e fún ọ.”

“Gbogbo ìgbà?”

“Gbogbo ìgbà.”

“Ṣé o ti rà á?”

Fúnṣọ́ fi ọwọ́ kan di etí ibùsùn náà mú.

“Sọ fún un pé mo ṣì ń mì í wò.”