Ìyàwó Tí A Gbé Lórí Ẹrẹ̀

Ẹ bá mi yọ̀ ná kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rín ń pa mí, orin sì ti dé ọ̀nà ọ̀fun.

Khanh ọmọ ọmọ mi ló fẹ́ gbé Thoa níyàwó. Thoa, ọmọ Bàbá Tâm tó ń sin edé nísàlẹ̀ odò, níbi tí odò ti ń wọ òkun. Ọmọ náà dáa, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, bí mo bá sì dá orin, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbè é. Kí ni mo tún ń wá? Owó nìkan ni kò sí. Ọdún náà ni àrùn wọ inú omi tó pa edé gbogbo wa, tí kálukú ń fi ìyànjú jẹun.

Ọjọ́ tí a lọ jókòó ṣètò nílé Bàbá Tâm, Nga àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìgboro wà níbẹ̀, ó wọ bàtà aláwọ̀ wúrà. Bí mo ṣe ní ilé la ó ti ṣe é, ó pàtẹ́wọ́.

"Màmá Sen, ìgbéyàwó láìsí gbọ̀ngàn? Láìsí mọ́tò tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni, àbí ẹja lẹ fẹ́ rà?"

Mo ní, "Nga ọmọ mi, ẹja sàn ju mọ́tò lọ. Èèyàn á jẹ ẹja."

"Ta ni yóò kọrin fún àlejò?"

"Èmi tí o ń wò yìí ńkọ́?"

"Yéè! Àlejò á sá lọ."

"Wọ́n á jẹun kí wọ́n tó sá."

Bàbá Tâm rẹ́rìn-ín títí, ó wá nu ojú, ó ní, "Màmá, ìgbéyàwó kékeré ò dùn mí. Ṣùgbọ́n Nga ti ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun á gba gbọ̀ngàn fún Thoa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: ẹ ṣe tiyín, ṣùgbọ́n kí ètò pé. Kí ọtí àti tíréè ẹ̀bùn yín dé iwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá wa kí agogo tó lu mẹ́sàn-án àárọ̀, torí ibẹ̀ ni wákàtí rere tí a yàn parí sí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ò lè fi wákàtí burúkú so ọmọ pọ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, ti Nga la ó sì ṣe."

Ọdún tó ń bọ̀! Èmi tí eyín mi ti tán lẹ́nu, ta ló bá mi ṣàdéhùn ọdún tó ń bọ̀? Ojú mi yìí ni mo fẹ́ fi rí ìyàwó Khanh. Mo ní a gbà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ṣètò rẹ̀. Àwọn aládùúgbò Bàbá Tâm gé imọ̀ àgbọn, wọ́n hun ún di ẹnu ọ̀nà ìgbéyàwó, wọ́n fi ewé rẹ̀ ṣe ẹyẹ, wọ́n fi ṣe òdòdó. Igi ẹ̀yìnkùlé mi ló so èso káù, ara ògiri mi ni ewé tíráù ti ń gun òkè, àwọn méjèèjì tí àwa àgbà ń jẹ pọ̀ tí ètè wa fi ń pọ́n, tí ìgbéyàwó kankan ò gbọdọ̀ ṣaláìní. Aṣọ gígùn tí Khanh máa wọ̀, a yá a. Ó gùn jù, mo ṣẹ́ ẹ létí. Yẹtí ìyàwó, etí èmi fúnra mi ni mo ti yọ ọ́. A kò tẹ káàdì. Ẹnu la fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe ń bo àwọn tíréè láṣọ pupa ni mo ń kọrin:

*Wọ́n ní a ò ní òdòdó,*
*Ewé àgbọn ń rẹ́rìn-ín.*
*Wọ́n ní a ò ní mọ́tò,*
*Omi ló ń gbé wa rìn.*

Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta la yá. Ní ìdájí ọjọ́ náà, omi kún dẹ́múdẹ́mú, a sì gbéra. Vinh, àbúrò bàbá Khanh, ló ṣíwájú, torí òun ni olórí ikọ̀ wa, òun ló gbé ọtí ìrẹsì. Apẹja ni, ara rẹ̀ tóbi bí àpò ìrẹsì méjì. Òun àti èmi mọ̀ pé omi á fà lọ kó tó di mẹ́sàn-án. Ìdí tí a fi tètè jáde nìyẹn.

Ohun tí a kò rò ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń ṣe ju káàdì lọ. Gbogbo èbúté tó wà lẹ́bàá odò ló ti gbọ́!

"Màmá Sen, ẹ dúró! Ẹ gba pẹ́pẹ́yẹ kan!"

"Khanh, má kọjá ilé mi láìmu ife kan o!"

Ta ló ń kọ ire lọ́jọ́ ìgbéyàwó? A dúró, wọ́n bu ọtí, wọ́n ní kí n kọrin. Mo kọ ọ́. A dé èbúté kejì, orin tún ni. Ní ìkẹta, wọ́n tiẹ̀ ti ń jó kí n tó lanu.

Vinh ń wo omi. "Màmá, omi ń fà o."

"Jẹ́ kí n parí ẹsẹ yìí."

"Ẹsẹ yìí ti pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, Màmá!"

Ká má fọ̀rọ̀ gùn. Bí a ṣe yí kọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, tí a rí ẹnu ọ̀nà imọ̀ àgbọn lọ́ọ̀ọ́kán, ni ọkọ̀ wa jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ẹrẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń sàba. Omi ti lọ. Ẹrẹ̀ dúdú ló kù láàárín àwa àti ilé ìyàwó.

Vinh ní, "Ire pọ̀, omi tán."

Khanh fò bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ gbé e mì dé itan. A fi àjẹ̀ fà á jáde, ojú rẹ̀ funfun. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá àgbà, Thoa ń dúró." Orin gan-an sá kúrò lẹ́nu mi.

Nga ti wà létí èbúté, ó káwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ ò rí i? Mọ́tò kì í ṣe báyìí o!"

Mo ní, "Mọ́tò ọkọ rẹ tí màlúù fà jáde nínú kòtò ńkọ́?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í gbé tíréè.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè, mo rí àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú lójú ẹrẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tí omi bá fà ni iṣẹ́ tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Kálukú wà lórí pákó rẹ̀, pákó gígùn tó tẹ̀ nímú sókè. Orúnkún kan á kúnlẹ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì á máa ti ẹrẹ̀ sẹ́yìn, pákó á sì máa yọ̀ lọ ṣùùù.

Mo ké sí wọn. Wọ́n yọ̀ wá. Èyí àgbà inú wọn ní, "Màmá Sen, ṣé ìṣáwùrú lẹ fẹ́ ṣa pẹ̀lú aṣọ ńlá yìí?"

"Ìyàwó ni mo fẹ́ ṣa! Ẹ gbà wá!"

Wọn ò tún béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n da ìṣáwùrú wọn sínú ọkọ̀ wa, wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò gbọ́dọ̀ pé: olórí ikọ̀ níwájú, ọkọ ìyàwó tẹ̀ lé e, tíréè ní méjì méjì. Vinh ò mọ̀ ọ́n gùn. Ó jókòó gbáá pẹ̀lú ìgò ọtí láyà, obìnrin méjì ń tì í bí ẹrù. Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ bàbá Khanh nìyẹn. Mo ká aṣọ sí ìbàdí, mo gbé tíréè tíráù àti káù síwájú mi, mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kígbe, mo ní kó dákẹ́.

A gbéra. Aṣọ pupa ń fẹ́ lórí ẹrẹ̀ dúdú, ìlà gígùn, ó rẹwà ju òdòdó lọ. Ni orin bá padà sí mi lẹ́nu, mo fi ké pe inú ilé:

*Ọmọ tó wà nínú yàrá o,*
*Ṣé o ń gbọ́ ẹsẹ̀ wa?*

Ìyàwó ò gbọdọ̀ jáde kí a tó pè é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó má gberin! Ohùn Thoa gba ojú fèrèsé jáde:

*Mo ń gbọ́ ọ, mo ń gbọ́ ọ,*
*Ẹ má dúró gba afẹ́fẹ́!*

Gbogbo èbúté hó yèè. Khanh ti ẹrẹ̀ bí ẹni tí ejò ń lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá Vinh. Mo ní, "Ọmọ, rọra! Ọkọ ìyàwó kì í ṣíwájú olórí ikọ̀!"

A gúnlẹ̀. Nga na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Rárá o. Ẹrẹ̀ dé orúnkún yín. Ẹ ò ní gbé èyí wọ iwájú àwọn baba ńlá wa."

Mo rí agogo ara ògiri láti ibi tí mo wà; ọwọ́ rẹ̀ gígùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanrí.

Mo ní, "Nga, àwọn baba ńlá yín yẹn, níbo ni wọ́n ti rí oúnjẹ bọ́ yín?"

Bàbá Tâm ló jáde. Ó ṣí aṣọ pupa orí tíréè mi, ó wò ó. Ewé mọ́ tónítóní, káù ń dán. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Nga, bàbá wa wọ ilé yìí pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Màmá wa nìkan ló ń bá a jà. Yà fún wọn."

Nga yà. Vinh sáré, ilẹ̀ ń mì, ó gbé ọtí lé iwájú pẹpẹ, mo gbé tíréè tì í, Bàbá Tâm tanná sí tùràrí. Ìgbà tí èéfín kọ́kọ́ gòkè ni agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ẹ gbọ́ ariwo! Vinh gbé Khanh sókè bí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n pe Thoa jáde. Ọwọ́ mi ń rùn fún ẹrẹ̀, ọmọ náà sì tẹ orí ba, ó gbé etí méjèèjì fún mi. Mo fi yẹtí sí i. Ó sọ fún mi wẹ́rẹ́, "Ìyá àgbà, ẹ ti dé." Mo sunkún díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Omi kò tíì padà, kò sẹ́ni tó lè lọ sílé, àwọn obìnrin oníṣáwùrú náà jókòó jẹun pẹ̀lú wa. Oúnjẹ fẹ́ má kárí. Ni Nga bá bọ́ bàtà wúrà rẹ̀, ó gun pákó kan, ó ní òun ń lọ kó ìṣáwùrú inú ọkọ̀ wá sè. Kò tíì rìn jìnnà tó fi ṣubú yakata. Ó dìde, ojú rẹ̀ dúdú kirimú, eyín rẹ̀ nìkan la rí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo, "Màmá, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi ń tì í?"

Mo jókòó sábẹ́ imọ̀ àgbọn, mo ń fi orin kọ́ ọ:

*Ọ̀tún kúnlẹ̀, òsì tì í,*
*Ìyàwó wa ti délé o,*
*Òsì tì í!*