Èwo Nínú Àwọn Méje

Ìyá Aránṣọ mọ èjìká ju bí ó ṣe mọ ojú lọ. Láti ìgbà ọmọge ni ó ti ń fi tépù wọn àwọn ènìyàn, bí ó bá sì rí ẹnì kan lẹ́yìn lójú títì, aṣọ tí ó rán fún un ni yóò kọ́kọ́ rántí kí orúkọ rẹ̀ tó sọ sí i lọ́kàn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà láti òkèèrè pé kí ó wá fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn nínú fọ́tò, ẹ̀rù kò bà á rárá.

Tíṣà tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ka lẹ́tà náà fún un. Àwọn ará abúlé kan fẹ́ gbé òkúta ìrántí sí oko tí bàálù ajubọ́ǹbù já sí nígbà ogun. Ọmọkùnrin méje ni ó kú sínú rẹ̀. Wọ́n ti rí fọ́tò kan tí àwọn méjèèje yà pọ̀, wọ́n fi í sínú lẹ́tà náà; wọ́n fẹ́ kọ orúkọ kálukú sábẹ́ ojú tó ni ín, wọ́n sì ń wá ẹbí wọn kiri. Nínú ẹbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá nìkan ló kù.

Òótọ́ ni. Bàbá ti lọ, ìyá ti lọ, òjò sì ti ba fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní jẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè bi pé ṣé o rántí. Òun nìkan ní í máa rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ tó kúrò nílé: ọmọ ogún ọdún, ẹnu dídì, ojú tó wú fún ẹkún.

Ó gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná ẹ̀rọ. Aṣọ òtútù onírun tí àwọn méje yìí wọ̀ tóbi gọ̀ǹgọ̀. Bí òun ni wọ́n gbé e wá fún, ìbá tú gbogbo rẹ̀ rán. Fìlà sì ti bo iwájú orí wọn. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ojú ṣe? Èjìká òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílẹ̀ láti kékeré. Gbogbo kóòtù rẹ̀ ni bàbá wọn, tí òun náà jẹ́ aránṣọ, máa ń ká aṣọ sí lápá òsì kí ó lè dọ́gba, Ìyá ni ó sì ń bá a di tépù mú. Ẹni kejì láti apá ọ̀tún nìyẹn, èjìká rẹ̀ wó, ó lejú koko.

“Òun nìyí,” ó wí. “Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.”

Tíṣà ní kí Ìyá tún un wò dáadáa. Ìyá ní kí Tíṣà gbájú mọ́ lẹ́tà kíkọ, kí ó fi èjìká sílẹ̀ fún aránṣọ. Oṣù méjì gbáko ni ó fi ń kí ọmọkùnrin tó lejú nínú fọ́tò náà láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kejì dé. Ẹni tí Ìyá mú, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn ni; àpò tó wúwo ni ó fa èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ẹbí yòókù ti mú tiwọn. Ojú kan péré ló ṣẹ́kù, ti ìpẹ̀kun lápá òsì.

Èyí la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi apá òsì kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, èjìká sì gòkè. Aránṣọ wo ni kò mọ̀ pé bí apá bá gòkè, èjìká á bá a lọ? Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí ó fò ó. Kò tíì rò ó rí pé ọmọ náà tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó fi wọ́n sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì bàjẹ́, ó ń jowú ọ̀rẹ́ tí kò mọ̀ rí.

“Tíṣà, kí ló pa á lẹ́rìn-ín?”

Tíṣà ní lẹ́tà kò sọ.

“Bá mi bi wọ́n.”

“Ìyá, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn kú. Kò sí ẹni tí a fẹ́ bi.”

Ìyá gbé fọ́tò náà padà sábẹ́ iná ẹ̀rọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Kọ ọ́ pé òun ni,” ó wí. “Má kọ ọ́ sí i pé àbúrò rẹ̀ kò dá a mọ̀.”