Ìgò Ṣúgà Mẹ́rin Nínú Ilé Tòmátì Àwẹ̀ró

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lánàá fún yín. Ọ̀sán gangan ni o, orí àga ni mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láníyọnu ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o lá tìrẹ, tí o ní ṣòkòtò rẹ ń lé ọ kiri ọjà, ta ló fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?

Ohun kan wà lọ́kàn mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ní ilé ọ̀rá kan lẹ́yìnkùlé tó ń gbin tòmátì sí. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fọ ìgò ní yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo fẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ìgò nìkan ni mo fọ̀ níbẹ̀. Mo bu ṣúgà sínú ìgò ike mẹ́rin, mo da omi gbígbóná lé e, mo fi yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò sí i. Tí ó bá ti ń hó, afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí síta náà ni yóò máa jáde, ewéko sì ń jẹ ẹ́, ó ń mú un dàgbà. Mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọmọrí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀rá náà kéré, orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ wọlé, nítorí náà Àwẹ̀ró ló gbé wọn wọlé. Mo ní kó máa tilẹ̀kùn dáadáa kí afẹ́fẹ́ náà má baà sá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò wá sọ fún mi pé wọ́n ń hó, orí mi a wú.

Ọjọ́ kọkànlá ni a bá a níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ láàárín ebè, ilẹ̀kùn wà ní títì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fà á láti ọdún mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀? Afẹ́fẹ́ ìgò tèmi ńkọ́? Àwọn ará ilé rẹ̀ wo ìgò, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wò mí. Èmi ni mò ń bi ara mi lójoojúmọ́ bóyá èmi ni mo pa Àwẹ̀ró. Mi ò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó dáa. Lójú àlá, àga tí mo jókòó lé dìde dúró, ó ní kí n di òun mú, a ń lọ gba èsì. Mo ní ṣé kí n wọ bàtà? Ó ní kò pọn dandan, òun náà ò wọ̀ ọ́. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, torí àgbà ni, ọdún tí a ṣègbéyàwó ni mo rà á.

A dé pápá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ́fíìsì kan léfòó lókè níbẹ̀, tòun ti páànù orí rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ti ara ògiri. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ òpó gólù kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà pé: ILÉ IṢẸ́ ÈÉMÍ, Ẹ NU ẸSẸ̀. Mo nu ẹsẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, mo sì gun rọ́bà náà lọ sókè. Orúnkún mi ò tilẹ̀ dùn mí.

Ewéko ló tò sínú ibẹ̀. Ìbẹ́pẹ kan wà tó kó fáìlì sí abíyá, ata rodo kan sì ń bínú pé òun ti wà lórí ìlà láti àárọ̀, kí n bọ́ sẹ́yìn. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kàn mí, ta ni mo bá nídìí tábìlì? Ọ̀kan nínú àwọn ìgò mi, ó wọ awò ojú.

"Ẹ káàsán, sà," ni ìgò náà wí, inú rẹ̀ ń hó. "Ẹ̀yin lẹ ṣe mí."

"Èmi ni. Ṣé dáadáa lo wà?"

"A dúpẹ́, sà. Ṣúgà ló wọ́n."

Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ṣé ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ lẹ pa ìyàwó mi?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Akọ̀wé lásán ni mí, sà. Ọwọ́ ọ̀gá ni fáìlì yẹn wà. Ẹ mí síbí."

Ó na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Mo mí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ò hàn dáadáa, kí n tún un mí. Mo tún un mí, ó lù ú ní òǹtẹ̀.

Ọ̀gá jáde sí wa, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, fáìlì Àwẹ̀ró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó kà á sínú, ó mi orí. "Bàbá, èsì yín rèé," ló wí. "Ó wà ní ìlà tó kẹ́yìn." Irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Kí n tó dúpẹ́, ó ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń jẹ ìwé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo rò pé àkókò oúnjẹ wọn ló tó. Mo dúró kó jẹun tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló wà ní ìlà tó kẹ́yìn?"

"Ó dùn," ni òbúkọ wí.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mi ò tíì kà á débẹ̀. Ṣé ẹ ní òmíràn?"

"Mi ò ní òmíràn, sà. Òun nìkan ni mo ní."

Ó ká òbúkọ náà lára gan-an. Ó bá mi kẹ́dùn, ó fún mi ní èèpo fáìlì náà. Lẹ́yìn náà ó sín, rọ́bà já, afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì ń jáde, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa kanlẹ̀, ilé ọ̀rá ẹ̀yìnkùlé mi ni, àwọn ewéko sì ti lọ sílé wọn. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ́ tòmátì gbìn, ó ká ìró rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ká a.

"Bàbá Morádéyọ̀, ẹ rọra, ẹ ń tẹ tòmátì mi," ló wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Àwẹ̀ró, ṣé èmi ni? Sọ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa ọ́?"

Ó yíjú sí mi, ó la ẹnu, hóhò bíi ti ọṣẹ ló ń jáde. Bí ọ̀kan bá bẹ́, yóò sọ̀rọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní, "Iyọ̀ ti tán." Òmíràn ní, "Òjò ń bọ̀, ẹ bá mi ká aṣọ." Òmíràn ní, "Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Mo ṣí fìlà, mo ń fi gbà wọ́n, kí èyí tí mò ń wá má baà bẹ́ sílẹ̀. Fìlà mi kún. Kò sí èsì kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé lásán ni gbogbo rẹ̀. Mo di etí ìró rẹ̀ mú, ó di ọ̀rá, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sunkún.

Morádéyọ̀, ọmọ mi, ló jí mi. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jẹun." Ìrẹsì ni, ọbẹ̀ rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Mo ní níbo ló ti ra tòmátì tó pọ́n tó báyìí.

"Mi ò rà á, sà. Ti Ìyá ni. Wọ́n ti so débi pé igi wọn ń tẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. "Morádéyọ̀, ṣé ìgò yẹn ló pa ìyá rẹ?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi.

"Ìgò wo, Bàbá? Wọn ò hó rí. Omi tí ẹ dà sí i ti gbóná jù, ó ti pa yíìsì yẹn látọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá mọ̀. Òun ló ní kí n má sọ fún yín. Ó ní inú yín ń dùn jù."

Mo gbé àwo kalẹ̀. Mẹ́wàá nínú ìrọ̀lẹ́ ayé mi ni obìnrin yìí fi parọ́ fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín! Inú bí mi. Mo dìde, mo ń lọ bá a nínú yàrá láti bá a jà. Mo ti di ilẹ̀kùn mú kí n tó rántí.