Òṣùpá Inú Fóònù Màmá Ṣẹ̀rífátù

Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú fóònù Màmá Ṣẹ̀rífátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Màmá kò mọ̀wé kà, nítorí náà ó wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó wá bá Dùnsìn ní Itamaga kó lè bá òun kà á.

Dùnsìn ń bá wọn tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Benjamin, nítòsí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tò sí. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọ ni pé fóònù náà ti gbó, àwọn tó ṣe é kò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, àti pé tí oṣù náà bá ti parí, áàpù tí màmá fi ń gba ìpè àti àwòrán kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

“Gbígbó wo ló gbó?” ni Màmá béèrè. “Mo fi ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún dàgbà ju fóònù yìí lọ, mo sì ń gbẹ̀bí síbẹ̀.”

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí Dùnsìn sí. Àwọn aboyún Ẹ̀pẹ́ àti ti àwọn abúlé etí ọ̀sà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ju agbára òun lọ, òun náà ló ń mú un lọ sí ọsibítù kó tó pẹ́ jù. Fóònù yẹn ló fi ń pè wọ́n, òun ló fi ń gbọ́ ìròyìn wọn.

Ọ̀gá Benjamin ní kí màmá kàn ra fóònù tuntun. Dùnsìn ní èrò mìíràn lọ́kàn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kan káàkiri ayé tí wọ́n ń ṣe ètò tuntun, ìyẹn ohun tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, fún fóònù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì, tí wọ́n sì ń fi í tọrẹ. Kì í yé e tán. Ó ń kà á bí ìwé ìtàn àyálò tí ojú-ìwé mélòó kan ti já kúrò nínú rẹ̀, tí èèyàn ń fi ọkàn ara rẹ̀ dí àlàfo. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe é sórí fóònù tirẹ̀ àti sórí òkú fóònù méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì sì jí.

Ó ṣàlàyé fún màmá pé fóònù dà bí ilé. Èyí tí a ń rà lọ́jà, ẹni tó kọ́ ọ ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló lè ti yàrá kan pa. Ètò àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, kó wo bí wọ́n ṣe to igi òrùlé, kó sì tún ibi tó bá fẹ́ ṣe.

“Ohun tí wọn kò tà, tí wọn kò polówó, tí ẹni tí a kò mọ̀ rí ń pín kiri,” ni Ọ̀gá Benjamin wí. “Dùnsìn, àlá rẹ pọ̀ jù.”

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Èmi náà kì í polówó. Ṣé ẹ rí pátákó kankan níwájú ilé mi?” Ó na fóònù náà sí Dùnsìn.

Ní Itamaga, kí wọ́n tó pa inú fóònù rẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo nọ́ńbà sórí síìmù, wọ́n á sì ṣí i wò bóyá wọ́n dé pé. Dùnsìn kó wọn, ṣùgbọ́n kò ṣí wọn wò. Fóònù agbẹ̀bí ni. Ẹni tó lóyún tí kò tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ tí wọ́n bí sí màmá lọ́wọ́ máa tú àṣírí bẹ́ẹ̀ wò. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí fóònù fi sọ pé nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti dé orí síìmù. Ó pé. Ó wá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò tuntun sí i.

Nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà, fóònù tàn. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, áàpù màmá sì ṣí láìjanpata. Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó tẹ ibi tí nọ́ńbà wà. Lẹ́yìn náà ó mú un súnmọ́ ojú.

Dùnsìn yọjú wò ó. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, àpótí kékeré tó ṣófo ló wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Dùnsìn,” ni Màmá wí, “àwọn òṣùpá mi dà?”

Ìgbà náà ló tó yé e. Màmá kò fi lẹ́tà tọ́jú orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn àwòrán kéékèèké tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi ń dá wọn mọ̀: ewúrẹ́ fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń sin ewúrẹ́, agbòòrùn fún ẹni tó kọ́kọ́ wá nínú òjò. Ó máa ń fi òṣùpá kan ti àwòrán náà. Oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a jẹ́ òṣùpá tín-ín-rín. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, màmá á máa pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi jù ú lọ, títí yóò fi kún. Ẹni tí òṣùpá rẹ̀ bá kún, màmá gbọ́dọ̀ pè é. Síìmù sì rèé, kò lè gbé àwòrán bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló gbé, ó da ìyókù nù.

Dùnsìn kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá kò bú u. Ó kàn jókòó, ó ní, “Zulaykha.”

Nígbà tí Zulaykha bí àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà débi pé wọ́n ti ń sunkún rẹ̀. Màmá ti bá a sọ pé èyí kejì kò ní jẹ́ nílé. Bí òṣùpá rẹ̀ bá ti kún, òun á pè é, yóò sì wá dúró sí Ẹ̀pẹ́ nítòsí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òṣùpá náà yóò kún. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, àgọ́ dé àgọ́ ni wọ́n ń ṣí kiri, màmá kò sì mọ èyí tí wọ́n wà. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Oyún gbogbo wọn ni mo mọ̀,” ni Màmá wí. “Nọ́ńbà ni n kò mọ̀.”

Ọ̀gá Benjamin wo ojú Dùnsìn. Ó jáde lọ ra omi fún màmá.

Dùnsìn ní kí wọ́n máa pe nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun á tẹ̀ ẹ́, màmá á kí ẹni tó bá gbé e, kí ó fi ohùn dá a mọ̀. Nǹkan tí kò retí ni bó ṣe yá tó. Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n kí òun tán kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó bi ọ̀kan bóyá ó ti dẹ́kun amọ̀ jíjẹ, ó ní kí òmíràn yéé gbé garawa. Bó bá ti sọ àwòrán ẹni náà àti ibi tí òṣùpá rẹ̀ dé, Dùnsìn á tẹ̀ ẹ́ padà sínú fóònù fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí síìmù mọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ọgbọ̀n ti padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ti Zulaykha nìyẹn, fóònù rẹ̀ sì wà ní pípa.

Màmá kírun tán, ó ní kí Dùnsìn tún bá òun pe Lateefat, ìyàwó ẹlẹ́wúrẹ́, nítorí ilé ẹbí ọkọ Zulaykha kò jìnnà sí tiwọn. Lateefat ní àwọn Zulaykha ti ṣí lọ sí àgọ́ òdìkejì ọ̀sà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí iná níbẹ̀, ibo ni wọn ó ti ṣájì fóònù?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dùnsìn bá màmá wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ó ń wo omi, ó sì ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe obìnrin yìí, òun kò ní fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

Zulaykha jókòó níwájú àgọ́, ó ń yan ẹja. Òkú fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kò pè mí, Màmá,” ni ó wí. “Mo ní bóyá kò tíì tó ni.”

Màmá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. “Ó ti tó. Dìde, kó ẹrù rẹ.”

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló bímọ ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ tún dà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti gbáradì fún un, ẹ̀jẹ̀ tí wọn ó fi dípò sì ti wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin ni.

Màmá ti dárí ji Dùnsìn. Dùnsìn fúnra rẹ̀ ni kò tíì gbàgbé. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ètò náà, ó sọ bí agbẹ̀bí kan ní Ẹ̀pẹ́ ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe ojú-ìwé nọ́ńbà tí kò ní lẹ́tà rárá. Ẹnìkan tí kò mọ̀ rí dá a lóhùn. Ẹni náà kò sọ pé òun á ṣe é. Ó fi ibi tí wọ́n kọ ojú-ìwé nọ́ńbà sí hàn án, ó ní kó wọlé kó tún un ṣe, bí ó bá há sí ibì kan, kó béèrè.

Ó há sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà àlòkù Ọ̀gá Benjamin nígbà tí oníbàárà kò bá sí. Lọ́jọ́ kan fóònù tó fi ń dán an wò kọ̀, kò ṣí rárá. Ọ̀gá Benjamin bi í bóyá àlá ọjọ́ yẹn burú ni. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ rí àṣìṣe tó fà á: ìlà kan tí Dùnsìn ti kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó parí, ó gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwòrán ńlá ló wà lójú-ìwé náà, òṣùpá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí màmá bá fi ìka kan òṣùpá, ó ń tóbi sí i. Èyí tó bá kún á gòkè lọ sí orí gbogbo wọn, á sì máa dún láràárọ̀ títí màmá yóò fi pe ẹni náà. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sì wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì tí màmá á máa so mọ́ etí ìró rẹ̀.

Dùnsìn sọ fún un pé ẹni tó dá òun lóhùn yẹn ń tọrọ ààyè láti fi òṣùpá náà sínú ètò fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó, níbikíbi láyé, bí ẹni tó ni ín bá gbà.

Màmá ní, “Ṣé àwọn aboyún wà lọ́dọ̀ tiwọn náà?”

“Wọ́n wà, Màmá.”

“Kí wọ́n mú un.” Ó ń fi ìka tẹ àwòrán, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó sì dé ibi ọkọ̀ ojú omi, àwòrán Zulaykha. Òṣùpá rẹ̀ kún síbẹ̀. Ó wo Dùnsìn. “Àwọn tó ti bí ńkọ́? Ibo lo fi wọ́n sí?”

Dùnsìn kò ronú kan ìyẹn rí. Ó fa ìwé kékeré yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì bi màmá pé kí ló fẹ́ níbẹ̀.

“Fi oòrùn sí i,” ni Màmá wí. “Ilẹ̀ ti mọ́ fún ìyẹn.”